Àwọn Ìlú Tí Ìyá Sámúẹ́lì Dé Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bi mí léèrè ní Bariga, ní ìsọ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé, "Bàbá Sámúẹ́lì, ọ̀nà ńkọ́?" tí mo sì dá yín lóhùn pé, "Ọ̀nà dára," irọ́ ni mo pa fún yín. Ọ̀nà kò dára. Ẹ wá jókòó kí n sọ bó ṣe rí. Ẹni tí mo ń tìtorí rẹ̀ pa ẹnu mọ́ ti lọ sinmi, ọ̀rọ̀ náà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́.

Káfíńtà ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ omi ju èyí tó wà nínú ìkòkò lọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín.

Ọ̀nà méjì

Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó mi, tí gbogbo Abúlé Òkúta, àdúgbò wa ní Bariga, mọ̀ sí Ìyá Sámúẹ́lì, orí omi ni wọ́n bí i sí. Ará Ìlàjẹ ni, ọmọ apẹja, ọmọ-ọmọ apẹja. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run aláràmàndà dá a bẹ́ẹ̀ pé kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi kó má bì. Ọkọ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu èbúté, ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, ó ní ohun tó wu òun jù lára mi ni pé mi ò ní ọkọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó sí Bariga títí. Ó ń ṣèlérí fún àwọn ọmọ-ọmọ wa pé òun á gbé wọn lọ wo omi tí wọ́n ti bí òun, "bí inú mi bá ti gbà á." Inú rẹ̀ kò gbà á títí ikú fi mú un lọ ní ìgbà ọyẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé dákẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi, Fúnmi tó jẹ́ àgbà, Délé tó tẹ̀ lé e, àti Tòkunbọ̀ kékeré, ń wò mí bí ẹni tó lọ sọ́jà tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ní ọjọ́ kan Fúnmi ní, "Bàbá àgbà, ìlérí Ìyá àgbà ńkọ́?"

Ìlérí òkú, ta ní í yẹ̀ ẹ́? Mo ní a ó lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo èbúté ti gbọ́ pé mò ń wá ọkọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ méjì sì pàdé nínú yàrá àlejò mi. Láṣóré ni ti àkọ́kọ́. Ìwọ̀ oòrùn ni ọkọ̀ tirẹ̀ ń lọ, ó ń gba Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ àwọn Faransé. Máfimíṣèbi ni ìkejì. Ìlà oòrùn ni tirẹ̀, ó ń gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìlàjẹ.

"Bàbá," Láṣóré ní, "ní Àjàṣẹ́, búrẹ́dì wọn gùn ju ọmọ yìí lọ." Ó na Tòkunbọ̀ dúró, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń fi búrẹ́dì tukọ̀ níbẹ̀ ni?" Máfimíṣèbi bi í. "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Ní ọ̀nà tiwa, ẹ ó rí erinmi."

"Ìgbà wo ni ìwọ rí erinmi gbẹ̀yìn?"

"Bàbá mi rí i."

"Bàbá rẹ tó fọ́jú?"

"Kó tó fọ́jú ni!"

Tòkunbọ̀ béèrè bóyá erinmi máa ń jẹ búrẹ́dì. Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Wọn kò tíì rò ó dé ibẹ̀.

Délé fẹ́ búrẹ́dì. Fúnmi ní ìlú Ìyá àgbà ni, kò sí òmíràn. Wọ́n bá ara wọn jà lé e lórí títí mo fi fẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n dìbò. Èmi ńkọ́? Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́, kì í sì í ṣe nítorí búrẹ́dì.

Ìyá ìyàwó mi ṣì wà láàyè ní Ẹ̀gbẹ́-Òkun, abúlé wọn. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. A kì í tú ọ̀fọ̀ ọmọ fún ìyá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ibojì, etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́, tí ìyá bá gbọ́ tó ṣubú, ọrùn onítọ̀hún ló wà. Èmi nìyí, tí ojú mi máa ń rojọ́ kí ẹnu mi tó là. Bí Màmá bá bi mí pé, "Rẹ̀mí ńkọ́?" kí ni n ó wí? Mo sọ nínú ara mi pé ní Àjàṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìyàwó mi.

Mo yan Àjàṣẹ́. Mo sọ fún Fúnmi pé búrẹ́dì dára fún àwọn ọmọdé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé èbúté.

Ẹrù

Ọkọ̀ méjèèjì wà ní èbúté lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lọ síbi ti Láṣóré, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbídùn, olórí àwọn ẹlẹ́ja Ìlàjẹ tó wà ní Bariga. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n tò bí ẹni tó ń retí bíṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Sámúẹ́lì, ẹ kú ìmúra o. A gbọ́ pé ẹ ń lọ kí Màmá."

"Ní tòótọ́, ibi tí mò ń lọ ni—"

"A mọ̀. Ẹ gbà." Ó kó aṣọ kan lé mi lọ́wọ́. "Ẹ sọ fún Màmá pé Rẹ̀mí ló fi ránṣẹ́ láti Àkírà."

"Rẹ̀mí wo?"

"Ìyàwó yín."

Mo gbé aṣọ náà sókè wò. "Kí ló ń ṣe ní Àkírà?"

"Ẹja ló ń tà. Ọjà sì ń yá a dáadáa." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo lọ sílé, Màmá ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní Rẹ̀mí ńkọ́. Ẹnu mi kàn gbé e lọ sí Góòlù Kóòsì ni."

Mi ò tíì mí, Ìyá Kúdírá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ṣómólú ti gún mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti ìyàwó mi. Ó na tẹ̀sùbáà sí mi. "Èyí láti Mẹ́kà ni."

"Ìyá Kúdírá! Ọmọ ìjọ ni Rẹ̀mí. Kí ló ń wá ní Mẹ́kà?"

"Nígbà tí mo lọ ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ti sọ ọ́ tán fún Màmá kí n tó rántí. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Ó ní ṣé Rẹ̀mí ti di Mùsùlùmí ni. Mo ní ó tì o, ó kàn sin àwọn èèyàn lọ ni."

Báyìí ni wọ́n ń kó o lé mi lọ́wọ́. Bàtà, abọ́, agboorùn, gbogbo rẹ̀ lórúkọ ìyàwó mi, kálukú pẹ̀lú ìlú tó gbé e lọ. Kí n tó la ojú, Máfimíṣèbi ti ń to ẹrù náà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni yóò wo ojú àwọn obìnrin tó ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó ní òun kò gba ẹrù ìyá olóògbé?

"Bàbá, búrẹ́dì o!" Láṣóré ké láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. Délé bú sẹ́kún. Fúnmi ti jókòó sínú ọkọ̀ Máfimíṣèbi, ó ká ẹsẹ̀ bí ìyá ọlọ́kọ̀.

Àwa kọ́ la yan ọ̀nà. Ẹrù ló yàn án.

Ẹsẹ̀ wo?

Ọ̀sà fẹ̀ ju bí a ti ń wò ó láti Bariga lọ. Bí a ṣe dé gbàgede rẹ̀, tí ilẹ̀ di ìlà tín-ín-rín, inú mi dà. Èmi tí mo ti fi ti ìyàwó mi ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri Bariga, mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo bì títí mo fi mọ ohun tó rí kó tó yan káfíńtà.

Ìyá arúgbó kan tí mi ò mọ̀ rí, tó ní Mọ̀ńbọ̀ lòun ń jẹ́, di iwájú orí mi mú bí ẹni pé òun ló bí mi. Ó bù mí lómi, ó fún mi ní orógbó kan. "Ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Ìyàwó yín ò bá yín wá?" Ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a kò tíì dé Ẹ̀pẹ́.

Mo rí i pé a gbọ́dọ̀ mú irọ́ kan. Mo pe àwọn ọmọ, mo ní, "Ìyá àgbà ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ń tò ó ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì. Ohun tí a ó sọ nìyẹn." Irọ́ tó sún mọ́lé ni mo fẹ́, èyí tí kò ní wọ ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ wo?" Tòkunbọ̀ béèrè.

"Ti òsì," mo ní.

"Ẹ dákun, Bàbá, òsì kọ́," Mọ̀ńbọ̀ dá sí i. Gbogbo ọkọ̀ ti gbọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì ti yé wọn. "Ẹni tó bá ń ṣubú, ọ̀tún ló máa ń fi gbára lé."

Ọkùnrin kan tó ń ta ẹní, Gbádébọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ní irọ́ ni, àbúrò òun ṣubú lórí ọ̀pẹ, òsì ló ṣẹ́. Mọ̀ńbọ̀ ní ọ̀pẹ kọ́ ni Ìyá Sámúẹ́lì gùn. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣubú. Mo ní kò ṣubú. Wọ́n ní wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣubú ńkọ́? Ìjà náà gbóná títí a fi kọjá Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ra ẹja yíyan sínú ọkọ̀, tí a bù ú sí gààrì tútù, tí ẹnu gbogbo wọn sì fi sinmi díẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló borí.

"Erinmi rèé!" Máfimíṣèbi ké.

A wò ó. "Igi ni," Fúnmi ní.

"Ó ń sùn ni."

Tòkunbọ̀ ju gààrì díẹ̀ sí i, kí ó má bàa jí pẹ̀lú ebi.

Ibi tí kò sí ilẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ní Ẹ̀gbẹ́-Òkun kò sí ilẹ̀. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Orí òpó ni ilé dúró lé, pákó ni títì, omi ló wà lábẹ́ ohun gbogbo. Adìyẹ ń rìn lórí pákó tóóró láìwo ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọdé ń tukọ̀ bí tiwa ṣe ń yí táyà. Èmi tí mo ti fi igi jẹun láti èwe, mo fi ẹsẹ̀ tẹ pákó kan wò, pákó náà sì dún. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ péjọ sẹ́yìn mi láti wo bí ará òkè ṣe ń rìn, ọ̀kan nínú wọn sì na ọwọ́ sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń mú afọ́jú.

Ìwà wọn nìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín rẹ, wọ́n á sì di ọwọ́ rẹ mú. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àmọ́ bí ẹni pé omi ti wọ inú rẹ̀. Mò ń gbọ́ orí ọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ìdí. Kí wọ́n tó béèrè ohun tí o bá wá, ẹja ti wà níwájú rẹ. Wọ́n gbé púpurú fún wa, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan sórí ààrò kí wọ́n tó rò ó, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó tó dúdú bí ọ̀dà. Délé wò ó, ó sì béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá Àjàṣẹ́ jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn òkèlè kìíní, ó bu òmíràn. Lẹ́yìn èyí, abọ́ ló ń lá.

Ibi tí a ti ń jẹun ni Tísà Ògúnṣọlá, tó ń kọ́ ọmọ wọn níwèé, ti sáré kàn wá. Òógùn bò ó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ fi í sí?"

"Fi ta ni?"

"Ìyàwó yín! Nítorí èmi ti gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù."

"Lọ́ńdọ̀nù! Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Tísà, ìyàwó mi ní ọmọ-ọmọ."

"Mo mọ̀, Bàbá, mo mọ̀. Màmá bi mí lójijì lẹ́yìn ìsìn. Àbúrò mi tó wà níbẹ̀ ni mo ń rò lọ́wọ́."

Mo ní Ìgbóbì ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́. Tísà di orí mú. "Ó ti bàjẹ́," ó ní.

Níwájú Màmá

Àna ni àna ń jẹ́. Bí mo ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pákó pẹ̀lú ewú orí mi. Láti àárín pákó méjì, mo rí omi. Akàn kan gun òpó, ó dúró, ó wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó bá mi bẹ Ọlọ́run.

"Ọkọ Rẹ̀mí, dìde," Màmá ní.

Obìnrin tín-ín-rín ni, ojú rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Ilé kún. Àwọn tí kò ráyè wọlé wà nínú ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé, kò sí ẹni tó ń wúkọ́. Gbogbo abúlé ló mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Mo sì ń wo Tòkunbọ̀, nítorí ọmọ kékeré ni, òtítọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu ọmọ kékeré.

Màmá gba ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yíjú sí Fúnmi.

"Ìyá bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, Màmá. Wọ́n ń tò ó ní Ìgbóbì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni."

"Ọ̀tún ni lóòótọ́!" Mọ̀ńbọ̀ ké láti abẹ́ fèrèsé.

"Hẹn-ẹ́n. Aṣọ yìí ńkọ́?"

"Láti Àkírà ni," mo ní.

"Tẹ̀sùbáà?"

"Mẹ́kà, Màmá."

"Tísà, ṣé ó ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ni?"

Tísà wò mí. "Ó... ó ṣì wà níbẹ̀, Màmá."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣẹ́?"

Omi abẹ́ ilé nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Màmá na ọwọ́, ó fa Tòkunbọ̀ jókòó sórí itan rẹ̀.

"Ìwọ, kí ni wọ́n ní kí o sọ?"

Ọmọ náà wò mí. "Wọ́n ní kí n sọ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo mọ̀ nípa Ìyá àgbà?"

Tòkunbọ̀ ronú, ó la ẹnu.

"Mo mọ̀ pé bó bá wọ ọkọ̀, ó máa ń bì."

Màmá wò ó títí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nù ún, àwọn tó wà nínú ilé náà ń rẹ́rìn-ín, àwọn abẹ́ fèrèsé ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

"Ọmọ yìí nìkan ló tíì sọ òótọ́ nípa ọmọ mi láti ìgbà ọyẹ́," ó ní. "Rẹ̀mí tí kò lè tukọ̀ dé ilé kejì! Ẹ bá mi wò ó. Àkírà, Mẹ́kà, Lọ́ńdọ̀nù. Ibo ló kù tí kò tíì dé?"

"Àjàṣẹ́!" Délé pariwo.

"Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

"Búrẹ́dì tó gùn ju Tòkunbọ̀ lọ."

"Àbí? Ẹ sọ fún un kó gba ibẹ̀ kọjá, kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi."

Tábà

Ní ọjọ́ tí a ń padà, Màmá ní kí n sin òun dé etí pákó. Ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé. Àwọn yòókù fà sẹ́yìn.

"Ọkọ Rẹ̀mí," ó ní wúyẹ́wúyẹ́, "a kú àráfẹ́rákù."

Bí kò bá di mí mú ni, omi ni n bá bọ́ sí. Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ní í sọ irú rẹ̀ fún ìyá? Ẹrù kún ilé mi, kò sí áṣáà, tábà tí mo máa ń fín, nínú ọ̀kankan. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé rẹ, Rẹ̀mí kò fi ẹrù ránṣẹ́ sí mi rí láìfi áṣáà sí i." Ó fọwọ́ pa mí léjìká. "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀. Wàhálà wọn ti pọ̀ lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́, ojú á tì wọ́n, wọn ò sì ní gbé e lọ síbìkan mọ́. Ọmọ mi ò rìn rí nígbà ayé rẹ̀. Jẹ́ kó máa rìn."

Mo wọ inú ọkọ̀. Tísà Ògúnṣọlá tẹ̀ mọ́ mi létí. "Bàbá, ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ nǹkankan," mo ní.

"Ọlọ́run ṣeun!"

Nínú gbogbo irọ́ tí mo pa lọ́nà yẹn, òun nìkan ló dúró.

Búrẹ́dì

Nígbà Kérésìmesì, a wọ ọkọ̀ Láṣóré lọ sí Àjàṣẹ́. Búrẹ́dì wọn gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà ni ó mọ fún Tòkunbọ̀. Láṣóré ní ọmọ náà ló ga sí i lẹ́yìn tí òun wọ̀n ọ́n. Obìnrin tó tà á fún wa, Ẹ̀gùn ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó tún kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín ńkọ́?" Ní Àjàṣẹ́ tí mo ní kò sẹ́ni tó máa béèrè! Kò tiẹ̀ dà mí láàmú mọ́. Mo ní, "Ó ti lọ síwájú."

Àwa fúnra wa la gbé búrẹ́dì náà dé Ẹ̀gbẹ́-Òkun. Kó tó débẹ̀, ó ti le bí igi ìrókò. Gbogbo abúlé tún péjọ. Mo gbé ẹrù náà síwájú Màmá, mo ní, "Rẹ̀mí ní kí n fún yín, láti Àjàṣẹ́."

Ó tú ẹrù náà. Áṣáà ló kọ́kọ́ bà á lọ́wọ́. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, kò wò mí, ó sì tì í bọ ìdí aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú búrẹ́dì. Ó gbá a mọ́ òpó ilé, ko-ko-ko, òpó ló mì. Ó ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ wá. Ó rì í bọ inú marúgbó títí ó fi rọ̀, ó fi èrìgì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó gbé e mì. Ó mi orí.

"Rẹ̀mí," ó ní, "láti kékeré ni kò ti mọ ọjà rà."